Àgbò Tó Ń Dúró De Ẹ̀kọ́ Kan

Ogún ọdún ni èmi àti Mùjíbátù ti jọ ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà ní Lalupon, n kò sì rí ọjọ́ tí ìpè ìrun bá a lórí ìjókòó rí. Lọ́jọ́ tí Kifayah, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, parí ìdánwò ọdún kẹrin ní yunifásítì, inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé kò béèrè ohunkóhun. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sọ, ọdún mẹ́rin ti pé. Ó ra àgbò, ó lọ bá Ààfáà Kàmọ́rù pé kí wọ́n wá ṣe wólíímọ̀ fún ọmọ òun lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tó bá parí Kùránì. Gbogbo agbo ilé gbọ́. Wọ́n gbọ́ dé Ìyànà Ọ̀fà.

Ọmọ nìkan ni kò yọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, a ń yan gàrí lọ́wọ́ ló wá jókòó tì wá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wólíímọ̀ yẹn dúró."

"Kí ló dé? O lóyún ni?"

"Rárá o! Ìṣirò ọdún kìíní ló ṣì wà lọ́rùn mi. Kári-ófà ni."

"Ọdún kìíní wo? Ṣé kì í ṣe ọdún kẹrin lo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni?"

Mùjíbátù wò mí. Àwọn ọmọ tèmi ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ kári-ófà. Mo bojú wolẹ̀.

Kifayah wá ṣàlàyé pé kì í ṣe ọdún ni yunifásítì ń kà. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yúníìtì, òmíràn méjì, òmíràn mẹ́ta. Sáà méjì ló wà lọ́dún, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa kó yúníìtì jọ láti sáà dé sáà títí iye tí wọ́n fẹ́ á fi pé. Èèyàn lè fúnra rẹ̀ yan àwọn ẹ̀kọ́ kan, ṣùgbọ́n dandan ni àwọn yòókù. Ẹni tó bá kùnà nínú ẹ̀kọ́ dandan, wọn ò ní dá a padà sí kíláàsì. Á máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á sì máa ru ẹ̀kọ́ náà kiri títí á fi yege; òun ni kári-ófà. Bí kò bá yege, kò sí digírì.

"Mo tún un ṣe lọ́dún kẹta, mo tún kùnà. Mo ti kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ọdún yìí. Ọ̀la lèsì máa jáde."

Mùjíbátù gbé igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀. "Nílé kéwú, Ààfáà kì í ṣí ewé kejì fún ọmọ tí kò tíì mọ ti àkọ́kọ́. Irú ilé ìwé wo ló ń yan gàrí nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tòun tèèpo?"

Kí n má parọ́, èmi ni mo dá àbá burúkú. "Ìyá Kifayah, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ta ló máa béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ Àìkú?"

"Kí Ààfáà gbé Kùránì lọ́wọ́, kó ní kí Ọlọ́run gba ìparí ohun tí kò parí? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi dáhùn lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀?"

Mo padà sídìí gàrí mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, àwa mẹ́ta dúró sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá díẹ̀díẹ̀. Ojú fóònù ń yí, ó ń yí. Mùjíbátù ń fa tẹ̀súbáà, ọmọ ń gé èékánná jẹ. Ó fẹ́ẹ́ ṣí, ó tún kú. Kifayah tún un tẹ̀.

Ogójì máàkì ni wọ́n fi ń yege. Ó gba mẹ́tàdínlógójì.

Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọdún kan gbáko nítorí máàkì mẹ́ta! Kifayah wó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mo ń retí kí ìyá rẹ̀ figbe ta. Ó ká tẹ̀súbáà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Dìde. A gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ààfáà kí ẹlòmíì tó bá wa sọ ọ́."

Èrò Jímọ̀ọ̀ kò tíì túká lójúde Ààfáà. Mùjíbátù kúnlẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ má bínú, Ààfáà. Ọmọ mi ò tíì parí. Ẹ̀kọ́ kan kù."

Fàtímọ̀ aláta kò jẹ́ kó délẹ̀. "Ọdún mẹ́rin yẹn ńkọ́? Àbí wọ́n jí i gbé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kifayah kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mo kùnà ni, mà. Máàkì mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n yege."

Ẹ̀rín náà wọlẹ̀. Ààfáà yíjú sí Mùjíbátù.

"Àgbò ńkọ́?"

"Ó wà lórí ìso, Ààfáà."

"Ẹ máa fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́. Àwa náà á dúró."

Oṣù méje rèé. Láràárọ̀ ni Kifayah ń gbé èèpo lọ fún àgbò, kó tó wá ṣí ìwé ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná wa. Bó bá fẹ́ tòògbé, ìyá rẹ̀ kì í bá a jà, á kàn na ọwọ́ sí ìdí ìso. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ okùn àgbò náà nítorí ọrùn rẹ̀ tó ń tóbi sí i. Bí mo bá dé lówùúrọ̀, òun ni mo kọ́kọ́ ń kí kí n tó kí onílé.