Ọkọ̀ Búrẹ́dì Tó Ń Ta Sánsán

Títí di òní, àdúgbò kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí àgbá dísẹ́lì Bàbá Òróró di ọṣẹ. Bàbá ti pe gbogbo wọn jọ sẹ́yìnkùlé pé kí wọ́n wá wo bí òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja ṣe máa gbé ọkọ̀ búrẹ́dì òun rìn. Ó ṣí àgbá. Ọṣẹ ló wà níbẹ̀, ó ki pọ́pọ́.

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ṣé èyí ló máa wọ ẹ́ńjìnnì?"

Bàbá kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ta ló ń sọ ti ẹ́ńjìnnì? Ẹ lọ kó aṣọ ìdọ̀tí yín wá!"

Ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. "Dádì, òróró yìí ṣì ń ta lórí iná. Omi wà nínú ẹ̀."

"Ta ni ẹ́ńjíníà nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni. Èmi kàn mọ ẹja dín ni."

Kẹ́míkà tí Bàbá ń dà sí òróró kó lè di dísẹ́lì kì í fẹ́ rí omi. Bí wọ́n bá ti pàdé, ọṣẹ ni. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró ti ìkòkò. Bí òróró kò bá tíì dákẹ́ títa lórí iná, Bàbá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́míkà.

Bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn, tó ń ta sánsán káàkiri. Oníbàárà kan gba búrẹ́dì tán, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹja dà?" Inú Bàbá dùn dé gongo. Ìborí ìyàwó rẹ̀ tó dára jù ló fi ń sẹ́ òróró. Bí obìnrin náà bá pariwo, á ní ohun tó dáa la fi ń ṣe ohun tó dáa.

"Bí mo bá kú," ló máa ń sọ, "ẹ má fi dísẹ́lì ẹlòmíì gbé mi o. Ojú á tì mí."

Nígbà tó kú lóòótọ́, àgbá ti gbẹ, òróró tí wọn kò tíì sè di dísẹ́lì nìkan ló kù. Ìyàwó rẹ̀ sè é fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Wọ́n ti fi ọkọ òun rẹ́rìn-ín tó láyé. Kò fẹ́ kí wọ́n tún fi í rẹ́rìn-ín nínú pósí.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ míì tó máa gbé Bàbá lọ sin," ni mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́. "Bó bá dákú sójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Òróró náà ti dákẹ́ kí n tó fọwọ́ kan kẹ́míkà. Ṣíná sí i."

Ọkọ̀ húkọ́, ó dákẹ́. Ó tún húkọ́, ó gbà, òórùn ẹja díndín sì bo gbogbo àwọn tó ń sunkún. Ikùn ẹnì kan kùn, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, Mọ́mì ló rẹ́rìn-ín jù, tòun ti omijé lójú.

Ó wọlé síwájú ọkọ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó rọra fọwọ́ pa pósí náà.

"Dádì, kò di ọṣẹ o," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."