Àga Ìdúpẹ́ Ọkọ Mi

Títí dòní, bí òórùn fáníìṣì bá ta sí mi nímú, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Owó kòkó gorí òkè lọ́dún náà. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ń fi ewé bo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù. Ọkọ mi náà kan páànù, ó ra kẹ̀kẹ́, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní kò yẹ kí ẹni tí Ọlọ́run ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún tún máa fún ara rẹ̀ mọ́ orí bẹ́ǹṣì. Ó bá gbé iṣẹ́ fún káfíńtà kan ní Òṣogbo, kó kan àga ńlá alárán tí òun yóò máa jókòó lé dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gan-an ló ní kí wọ́n mú un fẹ̀ sí i! Mo rò pé bí àga bá ṣe fẹ̀ tó ni ayọ̀ ilé wa yóò ṣe fẹ̀ tó.

Ọjọ́ ìkórè ni ọkọ̀ akẹ́rù já a sílẹ̀, òórùn fáníìṣì ṣì ń ta lára rẹ̀. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn géńdé gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé dé ìdajì, ó há. Wọ́n tì í, kò lọ; wọ́n fà á, kò bọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ní. Ẹnì kan sáré mú ayùn wá, ọkọ mi bá fò jókòó sórí àga náà.

“Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gé mi!”

Ni pásítọ̀ bá ń wàásù lọ. Àwọn tó wà níta ń na ọrẹ wọn gba orí ọkọ mi wọlé: iṣu ń kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kọjá, àkùkọ kan tilẹ̀ bà lé e ní fìlà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá ọkọ mi wà, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gun àga náà tẹsẹ̀ tẹrẹ̀, ó tẹ ọmọ rẹ̀ nítan.

“Màmá, ẹ rọra! Àrán ni o!”

“Ṣé kí n wá tọ̀ sára àrán náà ni?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àyà mi já, nítorí ọkọ mi kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde.

“Ẹ gé e.”

Owó kòkó wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún gòkè, ó tún wálẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé owó ní bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má dá àbá lẹ́yìn òun. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti jókòó lórí àga tó rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orin ìdúpẹ́ bí ọkọ mi ti kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, bó ti há sáàárín adẹ́mu àti aláàárù lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.