Òróró Àgbọn Lórí Ṣéènì Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí owó epo rọ̀bì dé, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa lẹ́bàá Badagry ń ra alùpùpù, bàbá mi kò fi básíkù rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń gùn lọ sí ọ́fíìsì, òun ló sì fi ń gbé ẹja yíyan wálé, tí òórùn ẹja á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé etíkun rí mọ̀ pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í dá irin sí. Èmi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni bàbá yàn pé kí n máa yẹ ṣéènì básíkù náà wò ní gbogbo Sátidé. N ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, n ó wá fi ìka méjì fà á síwájú níbi tó ti yí irin eléyín ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí kò bá mira, ó dára. Bí ó bá gbéra tí mo rí eyín irin lábẹ́ rẹ̀, ó ti nà nìyẹn, ó lè já nígbàkúgbà.

Nílé wa, òróró àgbọn ni oògùn gbogbo nǹkan. Ìyá mi, ọmọ Ègùn, ló ń sè é. A fi ń pa ara, a fi ń dín ẹja, a sì fi ń ra ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Nígbà tí gírísì tí a fi ń pa ṣéènì tán, kí ni mo tún ń wá kiri? Mo da òróró àgbọn sí ṣéènì, ó sì ń dán gbinrin. Bàbá tiẹ̀ yìn mí! Láti ọjọ́ náà, òróró ni mò ń dà lé òróró. N kò fọ̀ ọ́ mọ́, n kò fà á wò mọ́. N kò mọ̀ pé yanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń ha irin jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráídè kan, ó ku ọ̀la kí n ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bàbá ní kí n yẹ ṣéènì wò dáadáa, pé ìdájí la ó gbéra. Mo fà á. Odidi eyín yọ sí mi. Bí mo bá sọ, ẹgba ni. Bí n kò bá sọ, ṣéènì á já lójú ọ̀nà láàárín igi àgbọn, ìdánwò á sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí a jẹ ẹ̀bà alẹ́ tán, mo lọ bá bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣéènì ti nà. Òróró àgbọn ni mo fi ń pa á."

Ó fà á wò fúnra rẹ̀. "Ṣé òróró tí a fi ń dín ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá mi sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mí kanlẹ̀. "Lọ sùn. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn."

A sì rìn, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí yanrìn. A dé kí agogo tó lù, mo sì yege. Ní Sátidé kejì, ó ra ṣéènì tuntun, àmọ́ ó ní kí n fi kẹrosíìnì fọ ti àtijọ́ títí yóò fi mọ́. Ìka mi bó.

Lóde òní, ọkọ̀ àwọn ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ń tan iná pupa bí nǹkan bá bàjẹ́. Nígbà tiwa, àfi kí ọmọdé la ẹnu sọ ọ́. Inú mi dùn pé bàbá tí ọmọ lè sọ ọ́ fún ni mo ní.