Àwòrán Káúbọ́ì Tí Wọ́n Gé Létí

Mi ò tíì ga tó fèrèsé pálọ̀ wa ní Fìdítì nígbà tí bàbá mi gbé ẹ̀rọ fídíò wọlé, lẹ́yìn ọdún kan tí ọsàn so dáadáa. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọwọ́ jáde láti inú mọ́tò kí ẹ lè ra ọsàn Fìdítì lójú títì, ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí yín ti mu ọsàn oko wa rí. Ìyá mi bínú gan-an. Páànù tí a ó fi tún òrùlé ṣe ni wọ́n ń retí, àpótí tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì mì ló wọlé.

Fíìmù káúbọ́ì nìkan ni bàbá mi fẹ́ràn, àwọn fíìmù àtijọ́ tí òyìnbó onífìlà ńlá ti ń gun ẹṣin la aṣálẹ̀ kọjá. Ìgbà ọ̀dọ́ wọn ní Ìbàdàn ni ìfẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé sinimá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan, ọmọ Ìlọrà. Ọ̀rẹ́ yìí náà ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì sí Ìlọrà nígbà tó yá. Bàbá Onífídíò ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n. Bí bàbá mi bá ti kó ọsàn sínú àpò, tí wọ́n wọ mọ́tò Ìlọrà, a ti mọ̀ pé fíìmù tuntun ń bọ̀ wálé.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í gbádùn fíìmù ní ilé wa kí bàbá mi tó dájọ́ àwòrán rẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ti jókòó sórí ẹní, èmi á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Bàbá mi á ní kí n dá a dúró níbi tí ẹṣin ti ń sáré. Bí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin bá dá yàtọ̀ sí ojú ọ̀run, tí òógùn sì hàn níwájú orí ẹni tó gùn ún, wọ́n á ní, “Ó mọ́.” Ìgbà yẹn ni ẹ ó gbọ́ tí gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Bí eruku àti ojú ọ̀run bá dà pọ̀ mọ́ra, wọ́n á mi orí: “Ẹ̀dà ẹ̀dà ni èyí. Ìyá tó bí i ti kú tipẹ́.” Ó di kí kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà sí Ìlọrà nìyẹn, ẹkún ò sì lè yí ìdájọ́ náà padà. Mo mọ̀, nítorí mo ti sun ún.

Fíìmù kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá arúgbó kan ni wọ́n lé kúrò nílùú nígbà èwe rẹ̀, tó wá ń padà bọ̀ wálé lórí ẹṣin tó ti rẹ̀. Ó dúró sáàárín ìlú, ọkùnrin kan sì sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún, ó na ìbọn sí i. Nígbàkígbà tí a bá dé ibẹ̀, bàbá mi á ní, “Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò pé. Kànga kan wà lápá òsì. Ọmọdébìnrin kan dúró tì í, ó gbé ìkòkò omi mọ́ àyà. Òun ló kọ́kọ́ rí bàbá yẹn nílùú.” Wọ́n á ṣàlàyé fún wa pé aṣọ tí wọ́n ń ta àwòrán sí ní ilé sinimá Ìbàdàn fẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò sì fẹ̀, pé àwọn tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì ló gé etí àwòrán dànù kí ó lè wọ inú àpótí. Gbogbo wa á wo apá òsì títí, a ò ní rí kànga, a ò ní rí ọmọ. Ìyá mi á ní, “Ẹ jẹ́ ká máa wo èyí tó kù. Ọmọ yín ti gbé omi lọ sílé.” A ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí òun ló tàn wá jẹ.

Nígbà tó ṣe, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní àwòrán ń ṣú. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ, wọ́n ní ó ṣì ṣú. Wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́wọ́ Bàbá Onífídíò, ẹjọ́ kan náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ilé ìwé dé, a tún wà nídìí fíìmù bàbá arúgbó yẹn, wọ́n kígbe pé, “Wọ́n tún ti gé apá ọ̀tún! Ọkùnrin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dà?”

Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀. Mo dìde, mo fi ìka kan dígí tẹlifíṣọ̀n, mo ní, “Bàbá, òun nìyí.”

Ìyá mi fà mí lápá. “Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Lọ jókòó.”

Bàbá mi ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Èyí tí wọ́n gé ni ìwọ mọ̀. Èmi ti rí odindi.”

Kí la fẹ́ sọ? Ẹni tó ti ń rí ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí, bí ó bá ní ọkùnrin kan ò sí níbẹ̀ mọ́, ta ni yóò bá a jiyàn? Wọ́n ń kọsẹ̀ lára àpótí ìjókòó, wọ́n ní ìyá mi ló ń gbé e sójú ọ̀nà. Wọ́n ń fi ọsàn tó pọ́n sílẹ̀ lórí igi, wọ́n ní ewé ọdún yìí ló pọ̀ jù. A gbà. Bàbá mi ni adájọ́ ojú ní ilé wa, kò sì sẹ́ni tó máa ń dán ojú adájọ́ wò.

Bàbá Onífídíò ni ìyà ọ̀rọ̀ náà wá jẹ. Bàbá mi ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀rẹ́ àwọn ti di olè, pé àlòkù ló ń tà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì, ó di Ìlọrà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Bàbá Onífídíò ò jà. Wọ́n kan ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àwòrán sì yọ, ó mọ́ kedere.

“Ṣé o rí i báyìí?”

“Rí kí ni? Ọkùnrin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dà? Èmi tí a jọ wo odindi rẹ̀ n'Íbàdàn lo wá ń ta gígé fún!”

Bàbá Onífídíò wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ojú mi. Mo mi orí sí wọn pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n rọra rìn lọ sí apá ọ̀tún bàbá mi, wọ́n gbé ọwọ́ sókè lẹ́bàá etí bàbá mi, wọ́n ń mi ìka. Bàbá mi ń bá èébú lọ. Ọwọ́ yẹn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bàbá mi ò ṣẹ́jú. Ó dé iwájú imú kí wọ́n tó ta gìrì.

“Kí lò ń ṣe?”

“Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀ látàárọ̀.”

Ẹṣin nìkan ló ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Onífídíò pa á, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún sì gbà wọ́n lẹ́nu. “Ó sàn kí n jẹ́ olè,” ni wọ́n ń wí. “Ó sàn kó jẹ́ pé èmi ni mo jẹ́ olè.” Mi ò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

A lọ sí ọsibítù Ìbàdàn, àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Dókítà ní àrùn yìí kì í dunni, kì í jẹ́ kí ojú pọ́n, etí ìríran ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sáàárín, èyí tó bá sì ti jẹ kì í pọ̀ ọ́. Wọ́n fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sójú. Ojú bàbá mi fọ́ pátápátá kí n tó jáde ní ilé ìwé gíga.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo di ojú wọn. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, èmi á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, Bàbá Onífídíò á wá láti Ìlọrà, wọ́n á jókòó ní apá ọ̀tún, wọ́n á di ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn mú. Bàbá mi á bi mí pé, “Eruku ńkọ́?” Mo máa ń ní, “Ó hàn, Bàbá.” “Ó mọ́?” “Ó mọ́.” “Ó pé?” Mo máa ń wo apá òsì. “Kò pé, Bàbá.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bi mí títí ọlọ́jọ́ fi dé, mi ò sì ní ìdáhùn mìíràn fún wọn.

Ayé ti yí padà. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹ ti ń wo àwòrán báyìí, bí ó mọ́ bí kò mọ́, ẹ ti fi ìka fà á kọjá kí ó tó yanjú. N ò bú yín. Ẹ ní àǹfààní tí a ò ní, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ojú yín wò, kódà bí ojú ò bá dùn yín. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi wá fíìmù yẹn rí. Ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ti dá a padà bó ṣe wà ní ilé sinimá. Tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ǹfẹ̀ ló fi hàn mí, nínú pálọ̀ yẹn kan náà. Eruku jẹ́ eruku, òógùn jẹ́ òógùn. Bàbá arúgbó dé àárín ìlú. Mo wo apá òsì.

Kànga wà níbẹ̀. Ọmọdébìnrin náà dúró tì í, ó gbé ìkòkò mọ́ àyà, ó ń wo bàbá arúgbó náà bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

“Màmá, kí ló dé? Ṣé kò mọ́ ni?” ni ọmọ ọmọ mi ń bi mí.

“Ó mọ́,” ni mo wí. Mo wá yíjú sí ibi tí àga bàbá mi máa ń wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ògiri. “Ó pé, Bàbá. Ó ṣì wà nídìí kànga.”