Ọwọ́ Òsì Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti inú oyún. Ní ilé kéú wa ní Láfẹ́nwá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Alfa wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi, kì í bá mi jiyàn: bí mo bá ti fi òsì mú kálámù, pàṣán á ti bà mí lórí ìka. "Ọwọ́ tá a fi ń nu ìdí lo fẹ́ fi kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?" Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ wàláà nìyẹn, tí ìkọ̀wé mi sì dára ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí olóríkunkun ni mí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, òsì náà ni mo fi ń sọ òkò sí máńgòrò, kì í sì í tàsé.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, mo fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Iṣẹ́ abẹ ló wù mí. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ọkùnrin kan tí àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ń sá fún, rí i pé òsì ni mo fi mú àlùmọ́gàjí.

Ó ní, "Gbogbo irinṣẹ́ inú yàrá yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Bí òsì yẹn ò bá sinmi kó o tó kúrò lọ́dọ̀ mi, o ò ní ṣiṣẹ́ abẹ láyé."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Àfi bíi pé pàṣán Alfa ló tẹ̀ lé mi débẹ̀. Mo ra ṣàkì lọ́jà, mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an ní yàrá mi, mo ń tú u, mo tún ń rán an, ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la. Bí mo bá ṣe tán, a máa ń sè é. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá a máa fa òwú jáde lẹ́nu, á ní òun ò jẹ iṣẹ́ abẹ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Alfa ti ṣe mí lóore láìmọ̀: ọ̀tún tó fi tipá kọ́ mi ò gọ̀ rárá. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Méjèèjì ni mo ń lò báyìí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó já bọ́ látorí ọ̀pẹ wá. Òdìkejì ọ̀gá, níbi tábìlì iṣẹ́ abẹ, ni mo dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ ń tú láti ibì kan tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà, ọwọ́ ọ̀gá ò sì débẹ̀. Láti ibi tí mo wà, òsì nìkan ló lè wọlé. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo di iṣan náà pa, ẹ̀jẹ̀ dá.

Ọ̀gá wo ọwọ́ mi. "Òsì nìyẹn?"

"Òsì ni, sà."

"Má gbé e kúrò níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ abẹ ńlá bá dé, á ní kí wọ́n lọ pè mí wá. Ayọ̀ mi kún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Mo di oníṣẹ́ abẹ, mo sì di olùkọ́ ní yunifásítì. Ìpá ni mo ṣe ìwádìí lé lórí, nítorí mo mọ àwọn àgbẹ̀ wa ní Ọ̀fàdà àti Itori tí wọ́n ń fi ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. A ń bá wọn lọ sóko lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ká lè wo bí ojú ibi tá a rán ṣe ń ṣe nídìí ọkọ́ àti àdá. Ohun tá a rí níbẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n gbé Alfa wọlé. Òun náà ti ń bo ìpá tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ìfun sì ti há sínú rẹ̀. Bí a bá fi falẹ̀, òkú la máa gbé lọ sílé. Ó dá mi mọ̀.

"Ọwọ́ wo lo máa fi ṣe é?"

Mo lè purọ́ fún un. "Méjèèjì ni, Alfa. Ṣùgbọ́n òsì ló mọ iṣẹ́ jù."

Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, ẹ̀rù sì bà mí pé á kọ̀. Ó wá ní, "Fi bísímílà bẹ̀rẹ̀." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo lọ kí i nílé. "Ẹ kú ewu, Alfa." Ó ní kí n mú ọwọ́ wá kí òun ṣàdúrà sí i. Ọ̀tún ni mo nà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó tì í sẹ́yìn.

"Èkejì ni mo wí."

Ó dì í mú níbi ìka tó máa ń nà lọ́jọ́sí, ó sì ṣàdúrà lé e lórí lójú gbogbo ọmọ kéú rẹ̀. Mo ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú mi.