Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jáde Nínú Odò

Bí mo bá ti gbóòórùn èéfín púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń yan lórí iná, lọ́jà Òkìtìpupa, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rí. Adití ni. Ìyá míṣọ́nnárì kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi wá sí abúlé wa ló kọ́ ọ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìrìbọmi, pásítọ̀ àti àwọn yòókù ti gòkè odò, omi ń ro lára aṣọ funfun wọn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tí pásítọ̀ kò tíì rì bọmi, omi mù ún dé àyà.

"Ẹnu la fi ń jẹ́wọ́," ni pásítọ̀ wí. "Ẹ mú un jáde."

Ìyá wa lọ fà á lọ́wọ́, kò mira. Ẹ̀gbọ́n mi ń yí ọwọ́ méjèèjì po lókè omi, bí ìyá wa ṣe máa ń mọ púpurú róbótó kó tó gbé e sórí iná. Mo rò pé ebi ló ń pa á. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé "Mo gbàgbọ́" ló ń wí.

Oòrùn rọlẹ̀, kò jáde. Nígbà tó yá, pásítọ̀ yíjú sí ìyá míṣọ́nnárì náà tó dúró létí odò.

"Ìyá, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọwọ́ bi í bóyá ó gbàgbọ́."

Pásítọ̀ padà wọ odò, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣe é gátagàta bí ọmọdé. Kò tíì béèrè tán tí ẹ̀gbọ́n mi ti dá a lóhùn.