Pátákó Ìdúpẹ́ Àlàájì

Aṣọ ìnutọ́ àwọn ọmọ ni mò ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Òórùn ọṣẹ àti ti ògì tó ti kan ló gba gbogbo ibẹ̀, pẹ̀lú òórùn epo ọkọ̀ tí atẹ́gùn máa ń gbé wá láti ìhà Àpápá, èyí tí àwa ará Ajégúnlẹ̀ kì í gbọ́ mọ́ àfi tí àlejò bá bi wá pé kí ló ń rùn. Mọ́mì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, nu ọwọ́ ẹ, wá gbọ́."

Mọ́mì ni nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì, tó dá ilé ìtọ́jú ọmọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ìwọ náà á ti rí irú àwọn ọmọ tí à ń tọ́jú níbẹ̀: àwọn tí ọrùn wọn kò gba orí dúró, àwọn tí kò lè rìn, àwọn tí kò lè sọ ibi tó ń dùn wọ́n. Àwọn ìyá wọn ń tajà, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nílé onílé. Bí kò bá sí ilé wa, inú yàrá ni wọn ì bá máa ti ọmọ mọ́ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi dé. Èmi ni mò ń se oúnjẹ níbẹ̀, èmi náà ni mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, onílé ti kìlọ̀ fún wa pé bí owó ilé kò bá wọlé, kí a kó jáde, nítorí òun ti rí ẹni tó fẹ́ máa kó ẹrù síbẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá wa san owó ilé: Àlàájì kan, ọmọ Ṣakí, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Lójijì ló dáwọ́ dúró. Kò bínú, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kàn gbé ìpè wa mọ́ ni. Mọ́mì ro ọ̀rọ̀ náà títí, ibi tó sì parí èrò sí ni pé pátákó tí a rì mọ́ ẹnu ọ̀nà láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kéré. A kọ orúkọ rẹ̀ sí i, a kọ ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀, a sì fi àwòrán rẹ̀ sí i tòun ti fìlà. "Ìkọ̀wé yẹn ni kò hàn," ni Mọ́mì máa ń wí. "Tí mo bá rówó, ńlá ni n ó ṣe fún un."

Ohun tó wá pè mí fún lọ́jọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní Àpápá GRA, lórí bí a ti í wá owó ìrànwọ́ àti bí a ti í bá àwọn tó ń fún wa lò. Orúnkún ń dun òun fúnra rẹ̀, kò lè lọ.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé èmi tí mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí?"

"Wọn ò ní kó o wá wàásù. Lọ jókòó, kó o fetí sílẹ̀."

Mo lọ. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Kò yé mi rí, ohun tó ń mú ènìyàn yọ owó lápò fún ọmọ tí kò bí, tí kò sì mọ̀ rí. Mo máa ń wo àwọn tó ń gbé ìrẹsì wá fún wa nígbà ọdún, mo máa ń fẹ́ bi wọ́n, ojú a máa tì mí. Abẹ́ igi nínú ọgbà ilé kan ni wọ́n to àga wa sí, níbi tó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ọgbà kejì. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń kọ́ wa, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó bi wá pé, "Àwọn tó ń fún yín tẹ́lẹ̀ tí wọn ò fún yín mọ́, ta ló ti lọ bi wọ́n pé kí ló dé?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ọkùnrin kan láti Ìjọrà, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, ló dáhùn. "Tíṣà, ẹni tó ti ń sá fún mi, tí mo bá lọ ká a mọ́lé, ajá ló máa tú sí mi."

A rẹ́rìn-ín, tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fún wa kò yẹ̀. Kí kálukú lọ bá ẹnì kan tó ti fi í sílẹ̀. "Ẹ má tọrọ nǹkan kan. Ẹ bi í pé kí ló mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ wá panu mọ́."

"Kí n lọ sílé olówó kí n má tọrọ?" ni ará Ìjọrà tún wí. "Ṣé kí n sọ pé ajá yẹn ni mo wá kí ni?"

Ní tèmi, inú mi dùn. Kí n béèrè, kí n sì dákẹ́, ìyẹn kò ṣòro fún mi.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Wáàfù ní Àpápá ni ọ́fíìsì Àlàájì wà. Mo gba àárín àwọn tírélà kọjá, mo gòkè, mo dúró títí ó fi kírun tán. Kí n tó fìdí kan àga ló ti ní, "Mo ti ní kí wọ́n sọ fún Mọ́mì pé nǹkan ò rọgbọ."

"Owó kọ́ ni mo bá wá, Àlàájì. Ìbéèrè kan ni wọ́n ní kí n wá bi yín."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń kọ́ wa bí a ṣe máa wáwó."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa wáwó, ẹ wá ní kì í ṣe owó lẹ bá wá."

Mo bi í ní ìbéèrè náà, mo panu mọ́. Ó ṣí ìlẹ̀kùn wò bóyá akọ̀wé rẹ̀ wà nítòsí, ó pa á dé padà.

"Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Ṣakí," ló wí. "Bíi tàwọn ọmọ yín ló rí. Tí àlejò bá ti dé, ìyá wa á gbé e wọ yàrá inú. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ wọlé fún un. Ó máa ń dá ìró ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ó ti kú tipẹ́. Ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí."

Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ sórí ìdí tó fi dáwọ́ dúró, èyí tí n kò bi í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ́kọ. Àwọn àna ń ṣe ìwádìí ìdílé, bí gbogbo wa ti ń ṣe kí á tó fọmọ fọ́kọ. Ìbátan ọkọ kan tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ rí pátákó wa, ó ya á sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n wá bi Àlàájì pé ṣé irú àìsàn yẹn wà nínú ẹbí yín ni, tí orúkọ agbo ilé yín fi wà níwájú ilé àwọn ọmọ náà?

"Mi ò lè purọ́, mi ò sì lè sòótọ́," ló wí. "Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Ìdáná tó kù dẹ̀dẹ̀ dúró. Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo kàn ní, "Mo gbọ́, Àlàájì," mo dìde.

Bí mo ṣe sọ fún Mọ́mì pé kí a yọ pátákó náà, láìtú àṣírí Àlàájì, ó fara ya. "Kí aráyé lè ní a ò moore? Ẹni tó ṣe wá lóore, ká yọ orúkọ ẹ̀ dànù?" Mo ní Àlàájì gan-an ni pátákó náà ń ni lára. Ó jókòó, ó wá ní kí n lọ pe wẹ́dà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ irin pátákó náà.

Mo padà lọ sọ fún Àlàájì pé a ti yọ ọ́. Ó ní òun náà ti lọ bá àwọn àna, òun ti sọ ti àbúrò òun fún wọn, wọ́n ní àwọn á ronú sí i. "Ọmọ mi sunkún," ló wí. "Ó ní kí ló dé tóun ò mọ̀ pé òun ní irú àǹtí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá àwọn ọmọ wa máa ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé ọmọbìnrin kan wà tí a ò rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé, títí ọjọ́ tí ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi, tó ń yí gbiri gbiri kiri àgbàlá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Mo ní láti ìgbà náà, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju ìdérí náà sílẹ̀.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i nípa iṣẹ́ yìí láti ìgbà yẹn, mo sì ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ olówó. Ohun tí mo dì mú jù lọ náà ni ti ọ́fíìsì yẹn: pé àwa ni a fẹ́ràn ọpẹ́ aláriwo, torí ó ń mú ara wa fúyẹ́. Ẹni tó ń fúnni lè ní ohun mìíràn tó ń wá, àwa ló yẹ kó lọ bi í.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ Àlàájì lọ́jọ́ náà, ó ní kí onílé wá rí òun lọ́jọ́ kejì nítorí owó ilé. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Ẹ dìde, jàre. Ẹ má wá dúpẹ́ níbí mọ́. Tí ọmọ mìíràn bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ wá sọ fún mi."